Ọmọ tí kò rí ẹni gbà á ní Kogi ìwọ̀-oòrùn: ta ni yóò gbà á lálẹ́ àkọ́kọ́, ta ni yóò sì máa bẹ̀ ẹ́ wò?

Aró Gbẹ̀dẹ́

Ọ̀kun o, gbogbo ilé. Ìbéèrè kan wà tí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ wa níhìn-ín, Kábbà-Búnú, Ìjùmú, Mọ́pà-Múrò, Yàgbà Ìlà-oòrùn àti Yàgbà Ìwọ̀-oòrùn, kò tíì dáhùn tán. Wọ́n rí ọmọ tuntun lẹ́yìn ìsọ̀ nínú ọjà ní aago méje alẹ́. Tàbí ọkọ̀ tó ń lọ Abuja dànù, bàbá àti ìyá kú, ọmọ ọdún mẹ́rin nìkan ló ṣẹ́kù. Ibo ni ọmọ yẹn yóò sùn?

Bí kò bá sí ètò, ọ̀nà mẹ́ta ló kù: bẹ́ǹṣì àgọ́ ọlọ́pàá, ilé ẹni tó rí i láìsí ìwé kankan, tàbí ọkọ̀ Lọ́kọ́ja láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ó lọ máa gbé níbi tí ẹbí rẹ̀ kò ti lè yà kí i. Àbá mi ni pé kí ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìdílé mẹ́fà tí a ti yẹ̀ wò kí ọ̀ràn tó dé, kí méjì nínú wọn lè gba ọmọ ọwọ́. Kí orúkọ wọn wà lọ́wọ́ àwọn wẹ́fíà (òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó ọ̀ràn ọmọdé), ọlọ́pàá àti ilé ìwòsàn. Ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́ yìí, ẹ sọ ohun tí yóò ba àbá náà jẹ́ kí a lè tún un ṣe.

Lọ́yà Owé

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ìwé ló máa ń kọ́kọ́ dà wá láàmú, ká tó dórí ibùsùn. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ìjọba àpapọ̀ jáde ní 2003, Kogi ṣe tirẹ̀ ní 2009. Ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 ni òfin ń pè ní ọmọdé, ire rẹ̀ ni ilé ẹjọ́ sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wò. Ilé ẹjọ́ ìdílé wà ní ìpele méjì, ti májísíréètì àti ti ilé ẹjọ́ gíga.

Bí ìwé ṣe yẹ kí ó tẹ̀ léra nìyí. Ọlọ́pàá á kọ ọ́ sílẹ̀: aago tí wọ́n rí ọmọ, ibi gan-an, aṣọ ọrùn rẹ̀, ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, orúkọ ẹni tó rí i. Ẹ gba ẹ̀dà rẹ̀ kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Dókítà á kọ tirẹ̀, á fojú bu ọjọ́ orí ọmọ. Òṣìṣẹ́ wẹ́fíà á fi méjèèjì kọ ìròyìn, á gbé e lọ bá májísíréètì. Àṣẹ tí májísíréètì bá fi ọwọ́ sí ni yóò sọ ẹni tí ọmọ wà lọ́wọ́ rẹ̀, àti títí dìgbà wo.

Ibi tó ti ń bàjẹ́: wọ́n gbé ọmọ fún ìdílé lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n ní àwọn á gba àṣẹ lọ́jọ́ Ajé. Ajé kọjá, oṣù mẹ́ta kọjá. Ọjọ́ tí ìyá àgbà ọmọ bá yọjú láti Òkénè, ìdílé tó ṣàánú kò ní ìwé tí yóò gbà á sílẹ̀, wọ́n á wá máa pè é ní ajọ́mọgbé.

Ẹ má sì jẹ́ kí a da gbígbà tọ́ pọ̀ mọ́ gbígbà ṣọmọ. Alágbàtọ́ ń tọ́jú ọmọ fún ìgbà díẹ̀. Orúkọ ọmọ, ìdílé rẹ̀ àti ogún rẹ̀ kò yí padà. Gbígbà ṣọmọ ń já okùn ti àkọ́kọ́, ilé ẹjọ́ nìkan ló sì lè ṣe é. Lábẹ́ òfin 2003, tọkọtaya tó fẹ́ gba ọmọ ṣọmọ gbọ́dọ̀ pé ọdún 25 ó kéré tán, kí wọ́n fi ọdún 21 ju ọmọ náà lọ, kí ọmọ sì ti wà lọ́wọ́ wọn fún oṣù mẹ́ta gbáko kí àṣẹ tó jáde. Ẹni tó bá sanwó fún ọmọ, ó ra ènìyàn nìyẹn. Ẹ̀wọ̀n ọdún 10 ló wà níbẹ̀ fún ẹni tó tà àti ẹni tó rà.

Ìyálájé Ìsánlú

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú làákàyè. Ṣùgbọ́n ìwé, ìwé, ìwé. Nílẹ̀ Yàgbà, ta ló ń kọ̀wé kí ó tó gba ọmọ àbúrò rẹ̀ tó kú? Ọmọ kì í kú sí ìta níbi tí àgbà wà. Bí ẹ bá fi wẹ́fíà àti ọlọ́pàá sí i, àwọn tó láàánú gan-an á sá.

Wẹ́fíà Mọ́pà

Ẹ ṣeun, Màmá. Kò sẹ́ni tó fẹ́ gba ọmọ àbúrò yín lọ́wọ́ yín. Ẹbí gan-an la máa ń kọ́kọ́ wá, bàbá, ìyá àti ìyekan, kí a tó kan ilé àjèjì. Ohun tí a fẹ́ dènà ni ọmọ tí wọ́n gbà tọ́ tó wá di ọmọ ọ̀dọ̀, ẹbí náà sì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó rọrùn láti mọ̀. Láti oṣù kejì sí oṣù kẹrin tí kaṣú ń já, ẹ lọ wo rẹ́jísítà ilé ìwé. Bí ọmọ onílé bá wà ní kíláàsì lójoojúmọ́, tí ọmọ tí wọ́n gbà tọ́ ń pa ọjọ́ mẹ́ta jẹ lọ́sẹ̀, oko kaṣú ló wà. Ẹ kò nílò ìwádìí mìíràn.

Ní ti ìdílé mẹ́fà tí ẹ̀gbọ́n Gbẹ̀dẹ́ sọ, ìbẹ̀wò ẹ̀ẹ̀mejì ni kí a tó kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, kí ọ̀kan jẹ́ ní alẹ́ tí gbogbo ilé pé. Ẹ ka orí, ẹ ka fóòmù: bí orí mẹ́jọ bá ń sùn lórí fóòmù mẹ́ta, ẹ má fi ẹ̀kẹsàn-án kún un. Ẹ béèrè gbogbo ẹni tó ń sùn nínú ilé, títí kan ayálégbé, ọmọ iṣẹ́ àti àbúrò ìyàwó tó ń wá ní òpin ọ̀sẹ̀. Ẹnu ọ̀nà yàrá táwọn ọmọ ń sùn, ṣé ó ń tì láti ìta? Oògùn eku, kẹrosíìnì àti kànga tí kò ní ìdérí, ẹ wò wọ́n. Ẹ bá aládùúgbò méjì sọ̀rọ̀, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ bá àwọn ọmọ bíbí inú ilé náà sọ̀rọ̀ pẹ̀lú, torí àwọn ló máa pín oúnjẹ àti ìyá wọn fún àjèjì. Bí wọn kò bá fẹ́, ọmọ tó dé á jìyà rẹ̀ ní kọ̀rọ̀.

Lẹ́tà pásítọ̀ tàbí ti ìmáàmù kò tó. Wọ́n mọ ẹni tó ń wá jọ́sìn, wọn kò mọ ẹni tó ń na ọmọ lóru. Ẹ jẹ́ kí ọlọ́pàá náà wo orúkọ gbogbo àgbà inú ilé.

Lẹ́yìn tí ọmọ bá wọlé, ibẹ̀ gan-an ni gbogbo ètò ti máa ń kú. Ẹ bẹ̀ ẹ́ wò ní ọjọ́ kẹta, ní ọjọ́ keje, lẹ́yìn náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí oṣù kan fi pé, kí ó wá di oṣooṣù. Ó kéré tán, kí ẹ lọ lẹ́ẹ̀mejì láìjẹ́ kí wọ́n mọ̀. Ẹ rí ọmọ lóun nìkan, ní ìta, lábẹ́ igi, níbi tí onílé lè rí yín ṣùgbọ́n tí kò lè gbọ́ yín. Ẹ má bi í pé "ṣé wọ́n ń tọ́jú rẹ dáadáa". Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ọmọ máa ń wí. Ẹ bi í pé: kí lo jẹ lánàá? Ta lo bá sùn? Bí abọ́ bá fọ́, kí ni wọ́n ń ṣe? Ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ kọ ìwọ̀n sílẹ̀. Ọmọ tí kò sanra sí i láàárín oṣù mẹ́ta ti sọ tirẹ̀ fún yín.

Ohun tí kì í jẹ́ kí ìbẹ̀wò ṣeé ṣe ni owó ọ̀kadà. Òṣìṣẹ́ kan, kò sí ọkọ̀, ìlú tó wà lábẹ́ rẹ̀ sì tàn láti ojú ọ̀nà títí dé oko. Bí owó ìbẹ̀wò kò bá ní ìlà tirẹ̀ nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì ìjọba ìbílẹ̀, ìdílé mẹ́fà náà á kàn jẹ́ orúkọ lórí ìwé.

Ìyálájé Ìsánlú

Ọ̀rọ̀ kaṣú yẹn, mi ò lè jiyàn. Ẹ máa bá a lọ.

Nọ́ọ̀sì Ẹ̀gbẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọmọ ọwọ́, torí òun ni kò lè dúró de ìpàdé.

Ìgbóná ara ni àkọ́kọ́. Ẹ nu ún gbẹ, ẹ má wẹ̀ ẹ́. Ẹ bọ ọ́ ní fìlà, kí obìnrin kan gbé e mọ́ àyà, awọ kan awọ, kí ẹ da aṣọ bò wọ́n títí tí wọ́n á fi dé ilé ìwòsàn. Ọmọ tí wọ́n rí lórí ilẹ̀ ní òwúrọ̀ ọyẹ́, òtútù ló ń pa á ṣáájú ebi. Gẹ́ẹ̀lì chlorhexidine 7.1% ni kí ẹ fi sí ìdodo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́. Kí ẹnikẹ́ni má fi ìgbẹ́ màlúù, ọṣẹ ìfọyín tàbí oògùn mìíràn kan án.

Àjẹsára ọjọ́ ìbí mẹ́ta ló wà: BCG (ti ikọ́ ẹ̀gbẹ), ìkán sẹ́nu rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀, àti ti àrùn mẹ́dọ̀ B. Èyí tó kẹ́yìn yìí dára jù kí wákàtí 24 tó kọjá. A kò mọ ìyá rẹ̀, nítorí náà ẹ ṣe àyẹ̀wò HIV kíákíá fún ọmọ. Ẹ̀jẹ̀ ìyá ni àyẹ̀wò yẹn ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Bí ó bá gbé e jáde, kò túmọ̀ sí pé ọmọ ti ní in. Oògùn ìdènà ni kí ó bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ó má kọjá wákàtí 72, kí a sì tún gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kẹfà láti mọ òtítọ́. Mo ń sọ èyí torí àwọn ìdílé máa ń sá nígbà tí wọ́n bá rí èsì àkọ́kọ́. Ẹ ṣàlàyé fún wọn kí àyẹ̀wò tó wáyé.

Oúnjẹ: mílíìkì inú agolo tí wọ́n ṣe fún ọmọ ọwọ́. Kì í ṣe mílíìkì tíì, kì í ṣe ògì. Ọmọ ń mu nǹkan bíi mílílítà 150 fún kílò kan lójúmọ́, tí ọjọ́ mélòó kan bá ti kọjá. Ọmọ kílò mẹ́ta á mu 450, kí ẹ pín in sí ẹ̀ẹ̀mẹjọ. Agolo gíráàmù 400 kò ní ju ọ̀sẹ̀ kan lọ nígbà yẹn, bí ọmọ ti ń dàgbà ni ó ń yára tán sí i. Láti ọjọ́ ìbí sí oṣù mẹ́fà, nǹkan bíi kílò 20 ni gbogbo rẹ̀, ìyẹn agolo 50. Ẹ kọ 50 sínú ètò yín, ẹ má kọ "mílíìkì díẹ̀". Ìdí ni pé bí agolo bá ń tán, ìdílé á bẹ̀rẹ̀ sí í la omi mọ́ ọn, ọmọ á sì máa rù lójú gbogbo wa.

Ẹ fi omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó pò ó, kí ó má ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ tí a ti sọ ọ́ kalẹ̀, torí iyẹ̀fun inú agolo fúnra rẹ̀ lè ní kòkòrò. Ẹ jẹ́ kí ó tutù dáadáa kí ẹ tó fún un. Kọ́ọ̀bù kékeré sàn ju ìgò onírọ́bà lọ níbi tí omi àti ìnáwó ọṣẹ ti ṣòro. Èyí tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn wákàtí méjì, ẹ dà á nù.

Fún ọmọ oṣù mẹ́fà sí ọdún márùn-ún, ẹ fi téèpù wọn yíká òkè apá rẹ̀. Bí ó bá kéré sí sẹ̀ǹtímítà 11.5, ilé ìwòsàn ni, kì í ṣe ilé alágbàtọ́.

Ọmọ Ọ̀wọ́rọ̀

Ẹ ṣeun, Nọ́ọ̀sì wa. Mo ní ìbéèrè. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú kan tó wà lókè òkun fẹ́ kọ́ ilé ọmọ aláìlóbìí oníbùsùn 40 sí Kábbà. Owó bíríkì ti ń bọ̀. Ṣé kò yẹ kí a gbà á?

Olùtọ́jú Ilé

Ẹ bá wa dá wọn dúró ná. Ìṣirò ni kí ẹ ṣe fún wọn. Wákàtí 168 ló wà nínú ọ̀sẹ̀. Bí a bá fẹ́ kí àgbà méjì wà nílé ní gbogbo ìgbà, tọ̀sán tòru, wákàtí iṣẹ́ 336 nìyẹn. Bí ẹnì kan bá ń ṣiṣẹ́ wákàtí 40, a nílò ènìyàn mẹ́sàn-án, alásè kò sí nínú rẹ̀. Àgbà méjì yẹn sì lè mójú tó ọmọ mẹ́jọ. Fún 40 ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń san owó bíríkì, owó oṣù kì í tán. Bí owó bá wá wọ́n, ilé tó ní ibùsùn 40 á máa wá ọmọ tí yóò kún un, kí àwọn olùtọrẹ lè rí ọmọ yà ní fọ́tò. Ọmọ tó ní ìyá àgbà nílé náà á di "aláìlóbìí".

Ìwádìí tó lágbára wà lórí èyí. Ní Bucharest, ní Romania, láti nǹkan bí 2000, wọ́n mú ọmọ 136 tó ń gbé ní ilé ìtọ́jú, wọ́n sì fi ìdajì wọn sọ́dọ̀ alágbàtọ́. Àwọn tó lọ sọ́dọ̀ ìdílé ló ṣe dáadáa jù ní làákàyè, ní ọ̀rọ̀ sísọ àti ní fífi ara mọ́ ènìyàn, pàápàá àwọn tó kúrò kí wọ́n tó pé ọdún méjì. Ìlànà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó jáde ní 2009 náà sọ pé inú ìdílé ni kí a máa tọ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta.

Bí wọ́n bá fẹ́ kọ́ nǹkan, kí wọ́n kọ́ ilé oníyàrá mẹ́rin: ti ọkùnrin, ti obìnrin, ti òṣìṣẹ́, àti ọ̀kan fún ọmọ tó dé pẹ̀lú àìsàn. Ọmọ mẹ́jọ ni òpin rẹ̀, ọ̀sẹ̀ méjì ni òpin ìgbà tí ọmọ kan yóò lò, láti ọdún mẹ́ta sókè. Kí ọ̀kan nínú àgbà méjì tó wà lóru má sùn rárá. Irin ojú fèrèsé gbọ́dọ̀ ṣeé ṣí láti inú, kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ so mọ́ ibi tí gbogbo òṣìṣẹ́ mọ̀. Iná ti pa ọmọ nínú ilé tí wọ́n fi irin dí nítorí olè. Ìwé mẹ́rin: ọmọ tó wọlé, oògùn tí a fún wọn, àlejò tó wá, àti ohun tó ṣẹlẹ̀. Kí àgbà kankan má wà pẹ̀lú ọmọ kan ṣoṣo lẹ́yìn ilẹ̀kùn títì, yálà bíṣọ́ọ̀bù ni tàbí ọmọ ẹgbẹ́ tó fowó ilé sílẹ̀.

Ọmọ Ọ̀wọ́rọ̀

Màá fi ìṣirò 336 yẹn ránṣẹ́ sí wọn lálẹ́ yìí. Kí ni kí n sọ pé kí wọ́n fi owó bíríkì ṣe?

Olùtọ́jú Ilé

Ọ̀kadà àti epo fún ìbẹ̀wò, ọdún mẹ́ta. Wọn kò ní rí ògiri tí wọ́n á kọ orúkọ wọn sí, mo mọ̀.

Alfa Kábbà

Àsàlámù alékùm. Ẹ jẹ́ kí n fi kan kún un fún àwọn ìdílé Mùsùlùmí. Ọ̀pọ̀ wọn rò pé ẹ̀sìn kọ̀ ọ́. Ohun tí ẹ̀sìn kọ̀ ni kí a yí orúkọ bàbá ọmọ padà sí tiwa. Títọ́jú rẹ̀ láìyí ìran rẹ̀ padà, ìyẹn kafálà, ẹ̀san ńlá wà níbẹ̀, àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ ọmọdé ti 1989 sì dárúkọ rẹ̀ ní abala 20. Gbígbà tọ́ tí Lọ́yà ṣàlàyé bá a mu gan-an. Ṣùgbọ́n kí wẹ́fíà gbìyànjú kí ọmọ Mùsùlùmí lọ sílé Mùsùlùmí, ti Kìrìsìtẹ́nì sílé Kìrìsìtẹ́nì, níbi tó bá ti ṣeé ṣe.

Wẹ́fíà Mọ́pà

Ẹ ṣeun, Alfa. Èdè náà ńkọ́? Ọmọ tó sọnù ní Kábbà lè jẹ́ ọmọ Ẹ̀bìrà, Ígálà, Nupe, Hausa tàbí Fúlàní. Bí kò bá dáhùn Yorùbá, ẹ má kọ "odi" sínú ìwé rẹ̀. Ẹ wá ẹni tó gbọ́ èdè mìíràn lọ́jà. Ẹ má sì fún un lórúkọ tuntun lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ohun tó bá pe ara rẹ̀ ni kí ẹ kọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ìnagijẹ. Ọmọ ọdún mẹ́rin kò mọ ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ àwọ̀ yunifọ́ọ̀mù rẹ̀, orúkọ tí wọ́n ń pe ìyá àgbà rẹ̀, àti bóyá odò tàbí òkè ló wà lẹ́yìn ilé wọn. Àwọ̀ yunifọ́ọ̀mù nìkan lè yọ ìlú mẹ́wàá kúrò nínú ìwádìí.

Akẹ́kọ̀ọ́ Odò-Èrè

Ẹ jọ̀wọ́, ṣé a lè gbé fọ́tò ọmọ tó sọnù sórí WhatsApp? Ó máa ń yára kánkán.

Wẹ́fíà Mọ́pà

Ó ń yára fún àwọn ajọ́mọgbé náà. Àbúrò, ẹ gbé fọ́tò fún ọlọ́pàá, ọba ìlú, àwọn adarí ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí àti olórí àwọn awakọ̀. Ní gbangba àti lórí rédíò, ẹ sọ ọjọ́ orí, akọ tàbí abo, àti ìlú tí wọ́n ti rí i. Ẹ fi ohun kan pamọ́, bí àpá tó wà ní itan rẹ̀ tàbí àwọ̀ bàtà. Ẹni tó bá wá sọ pé òun ló bí i ni kí ó sọ ohun tí ẹ fi pamọ́ yẹn fún yín. Kò sì gbọdọ̀ gbé e lọ lọ́jọ́ yẹn, bí ọmọ tilẹ̀ dì mọ́ ọn. Ẹ bá a débi tó ń gbé kọ́kọ́.

Ẹni Búnú

Ọ̀rọ̀ owó ni kò sẹ́ni tó fẹ́ fọwọ́ kàn. Ṣé a ó máa san nǹkan fún ìdílé alágbàtọ́? Bí a bá sanwó, àwọn tó ń wá owó á wá. Bí a kò sanwó, olówó nìkan ló lè gbà.

Olùtọ́jú Ilé

Ẹ san án ní nǹkan, kì í ṣe lówó: mílíìkì láti ilé ìwòsàn, owó ilé ìwé tààrà sí ilé ìwé, fóòmù kan, àpò ẹ̀fọn kan, aṣọ mẹ́ta, tí ó jẹ́ ti ọmọ, tí yóò bá a lọ bí ó bá ṣí kúrò. Owó díẹ̀ fún ọṣẹ àti oúnjẹ lè tẹ̀ lé e lẹ́yìn ìbẹ̀wò kọ̀ọ̀kan. Tí kò bá sí ìbẹ̀wò, kò sí owó. Ìyẹn máa ń mú kí ìdílé fúnra wọn pe òṣìṣẹ́ tó bá pẹ́ kí ó tó wá.

Lọ́yà Owé

Mo fara mọ́ ọn, àyàfi "tí kò bá sí ìbẹ̀wò, kò sí owó" yẹn. Bí òṣìṣẹ́ bá kọ̀ tí kò lọ, ọmọ ni ebi ń pa. Ẹ jẹ́ kí ó jẹ́ pé bí ìbẹ̀wò bá yẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀gá òṣìṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ lọ fúnra rẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́ta.

Olùtọ́jú Ilé

Mo gbà, Lọ́yà. Ó dára jù tèmi.

Nọ́ọ̀sì Ẹ̀gbẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ orúkọ ìdílé sílẹ̀, ẹ rántí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò. Nígbà omíyalé 2012 àti 2022 ní Lọ́kọ́ja, àti nígbàkigbà tí ìkọlù bá lé àwọn ará oko kúrò, ọmọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló máa ń dé pọ̀. Ẹ wá ìdílé kan ó kéré tán tó lè gba mẹ́ta. Bí kò bá sí, ìdílé méjì ní òpópónà kan náà, ilé ìwé kan náà. Ẹ̀gbọ́n ọdún mẹ́jọ tó ti ń gbé àbúrò pọ̀n láti ìgbà tí wàhálà dé kì í sùn bí ẹ bá yà wọ́n.

Aró Gbẹ̀dẹ́

Mo ti ń kó gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kan. Ohun kan ṣoṣo ló kù tí n kò rí ìdáhùn sí: ọmọ kì í yan ọjọ́ iṣẹ́. Bí ó bá jẹ́ alẹ́ Sátidé, ta ni ọlọ́pàá yóò pè?

Wẹ́fíà Mọ́pà

Nọ́ńbà kan, fóònù kan tó jẹ́ ti ọ́fíìsì, tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ máraàrún á máa gbà lọ́wọ́ ara wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà náà sára ògiri ní káńtà gbogbo àgọ́ ọlọ́pàá àti ní yàrá ìgbẹ̀bí gbogbo ilé ìwòsàn, pẹ̀lú orúkọ ìdílé méjì tó wà nítòsí jù. Ìdílé tó bá gba ọmọ lóru Sátidé, kí ọlọ́pàá fi ọwọ́ sí ìwé ojú ewé kan fún un lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí májísíréètì rí i ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé. Bí òjò bá ti ọ̀nà, kí ọlọ́pàá gbé ọmọ dé ilé náà, kí wọ́n má dúró de wẹ́fíà.

Lọ́yà Owé

Màá kọ ìwé ojú ewé kan yẹn. Ẹ ó rí i níbí kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ẹ ṣàtúnṣe sí i.